Ẹjọ́ Lè Tán, Ìwé Ẹjọ́ Kì í Tán

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Etíkàn)

  Gbogbo àwa tí a wọ ọkọ̀ láti Ìgbókọ̀dá wá kọ́ ni ọmọ omi. Àwọn kan nínú wa di etí ọkọ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ rí wa ní èbúté sì fi wá rẹ́rìn-ín. A kò bínú. Bí ẹ bá wá sí oko wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ẹ rí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àwa náà yóò rẹ́rìn-ín tiwa.

Nígbà tí a wá síhìn-ín kẹ́yìn, tí ìpàdé ti parí, tí àwọn ènìyàn ti ń ká ẹní wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde ó sì bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní àwọn Ìlàjẹ gbé ilé iṣẹ́ epo lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó ní ẹjọ́ náà ju ọdún mẹ́sàn-án lọ kí wọ́n tó dá a, Ìlàjẹ sì jẹ̀bi. Ó ní kí ni èrè irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kò sàn kí á gbàgbé rẹ̀? Lọ́jọ́ náà, a sọ fún un pé kí ó ní sùúrù, a sì wọ ọkọ̀. Ìdáhùn olóṣèlú ni ìyẹn, kò sì yẹ ọmọ tí ó béèrè ohun tí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lónìí a wá san gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ìlàjẹ kò jẹ̀bi ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ ni ó lè jẹ̀bi. Àwọn Ìlàjẹ ni ó pe ẹjọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ kò dá wọn láre. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí yóò ti ilé ẹjọ́ bọ̀ wálé pẹ̀lú ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Kí ni à ń pè ní ìwé ẹjọ́? Nígbà tí ẹlẹ́rìí bá dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, tí ó ti fi Bíbélì tàbí Kùránì tàbí irin búra, gbogbo ohun tí ó bá sọ ni a ń kọ sílẹ̀. Ní àwọn ilé ẹjọ́ wa, fún ọdún púpọ̀, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn lọ́yà fi máa ń sọ fún ẹlẹ́rìí pé kí ó rọra sọ̀rọ̀, kí ó máa wo kálámù adájọ́. Bí apẹja Etíkàn bá sọ̀rọ̀ ní èdè Ìlàjẹ, ògbifọ̀ a yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ a sì kọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọ̀rọ̀ ti ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì kí ó tó dé orí ìwé. Bí ògbifọ̀ bá jẹ́ ará òkè tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sà àti òkun, tàbí láàárín ibi tí ìdílé kan ń dẹ àwọ̀n sí àti ibi tí wọ́n kàn ń gbà kọjá, àṣìṣe rẹ̀ ni yóò wọ inú ìwé, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Nítorí pé bí ẹjọ́ bá lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ ọ̀hún kì í rí ojú ẹlẹ́rìí, wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń kà. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, lójú tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí.

A ó mú ẹjọ́ àtijọ́ kan wá fún yín láti ilẹ̀ Faransé, nítorí pé kò sí èyí tí ó fi agbára ìwé hàn jù ú lọ. Ní 1431, ní ìlú Rouen, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá síwájú ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà. Joan ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kò mọ̀wé, kò sì ju bí ọmọ ọdún 19 lọ. Ó ti ṣíwájú àwọn ọmọ ogun Faransé láti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ilẹ̀ wọn jà. Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ní agbára ní Rouen lákòókò náà, nítorí náà kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ ibi tí ìdájọ́ yóò fì sí. Wọ́n fi oríṣiríṣi ìbéèrè dẹ pàkúté fún un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi pé aládàámọ̀ ni, wọ́n sì dáná sun ún ní ọjọ́ 30 oṣù May ọdún náà. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Guillaume Manchon. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọdún bíi 20, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò ní Rouen, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀wò, Manchon sì wá jẹ́rìí. Ó ní nígbà tí ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n fi àwọn ọkùnrin kan pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títa lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n ń kọ ìwé tiwọn, tí wọ́n ń kọ ohun tí ó lè pa ọmọ náà, tí wọ́n sì ń fi ohun tí ó lè gbà á sílẹ̀. Ó ní àwọn adájọ́ fẹ́ kí òun yí ọ̀rọ̀ Joan padà, òun sì kọ̀. Ẹ fi ojú inú wo akọ̀wé tí kò ní idà, tí kò ní ipò, tí ó jókòó láàárín àwọn alágbára, tí ó sì wí pé ohun tí ọmọ yìí sọ ni èmi yóò kọ. Ìwé tí wọ́n fi dá Joan lẹ́bi náà ni àwọn tí ó tún ẹjọ́ yẹ̀wò ṣí, tí wọ́n kà, tí wọ́n fi rí i pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Wọ́n fagi lé e ní oṣù July 1456. Ìjọ Kátólíìkì sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1920. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ṣe dá àwọn ọ̀mọ̀wé lóhùn lè kà á, nítorí pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ó san owó fún ìwé náà.

Ẹ má ṣe wí pé ti òyìnbó ni ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sí Èkó, tí àwọn ọkọ̀ ẹja yín ń lọ.

Ní 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fi Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin Ìlàjẹ náà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní 1885 Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì du etíkun Màhín mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìwé àdéhùn sì ni wọ́n fi ń dù ú. Nígbà tí ó di 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Ilẹ̀ yìí wà lábẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí ó ni ilẹ̀ Èkó. Olúwa ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Ìjọba ní kò ní ilẹ̀, pé agbára láti máa darí rẹ̀ nìkan ni ó ní, owó kékeré ni ó sì tọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ.

Ní oṣù July 1921, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ náà. Viscount Haldane ni ó ka ìdájọ́. Ó ní pé ọba kan fi ìlú fún ìjọba mìíràn kò sọ pé ilẹ̀ àwọn ará ìlú ti di ti ìjọba náà. Ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ dúró bí ó ti wà. Ó ní kí àwọn adájọ́ má ṣe fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ wa, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe ń ní ilẹ̀. Níbo ni Haldane, tí ó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, ti mọ bí a ṣe ń ní ilẹ̀? Nínú ìwé ni. Adájọ́ àgbà kan tí ó ń jẹ́ Rayner ti kọ ìròyìn sílẹ̀ ní 1898 nípa ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú àti ti ìdílé, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Haldane mú ìròyìn yìí, ó kà á sínú ìdájọ́ rẹ̀. Òyìnbó kan kọ ohun tí ó rí nílẹ̀ wa sílẹ̀. Ọdún 23 lẹ́yìn náà ó di ohun ìjà lọ́wọ́ Olúwa. Wọ́n san £22,500 fún ilẹ̀ náà níkẹyìn. Owó yẹn ti tán tipẹ́. Ìdájọ́ náà kò tán: títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí i nínú ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan, ṣùgbọ́n ní Kánádà àti Ọsirélíà pẹ̀lú, níbi tí àwọn onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe ti ń béèrè ilẹ̀ wọn.

Ìrìnàjò yẹn kan náà ni ó dá wàhálà Ẹlẹ́kọ̀ sílẹ̀. Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí ọba rán. Ìjọba bínú. Wọ́n kọ̀ láti mọ Ẹlẹ́kọ̀ ní ọba mọ́, nígbà tí ó sì di 1925 wọ́n lé e kúrò ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹlẹ́kọ̀ kò gba ìbọn, kò pe ogun. Ó gba agbẹjọ́rò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ilé ẹjọ́ kan, ó lọ sí òmíràn. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọ̀ràn rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1928 àti ní 1931. Ní 1931 Lord Atkin ka ìdájọ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan, bí ó ti wù kí ó ga tó, tí ó lè fi ọwọ́ kan òmìnira ènìyàn tàbí ohun ìní rẹ̀, bí kò ṣe pé ó lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin fún un láyè. Ẹlẹ́kọ̀ padà sí Èkó ní ọdún yẹn, ìlú sì hó.

Ibi tí ó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn yìí kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, mínísítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọkùnrin kan tí à ń pè ní Liversidge sí àtìmọ́lé láìsọ ìdí. Adájọ́ márùn-ún ni ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀. Mẹ́rin gbè sẹ́yìn mínísítà. Atkin nìkan ni ó dá dúró, ìwé tí ó sì ṣí láti fi gbèjà òmìnira ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ẹjọ́ Ẹlẹ́kọ̀ ti Èkó. Ọba wa ti wàjà láti 1932. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbà pé Atkin ni ó tọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn tí ó borí ni a ń sọ̀rọ̀ wọn. Ó dára. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò borí. Láti ìparí 1962 ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀sùn pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Agbẹjọ́rò tí ó fẹ́ kí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gbèjà rẹ̀, ìjọba kò jẹ́ kí ó wọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù September 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ kò sì gbà á sílẹ̀ ní 1964. Ìjọba ológun ni ó tú u sílẹ̀ ní 1966. Àwọn ọmọdé tí a kò tíì bí nígbà náà ń ka ohun tí ó sọ nínú ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ níhìn-ín, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa.

Ó wá ku ẹjọ́ tiyín.

Ní ọjọ́ 25 oṣù May 1998, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn Ìlàjẹ tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Parabe, pèpéle irin tí ilé iṣẹ́ Chevron fi ń wa epo lórí òkun, ní nǹkan bíi máìlì 9 sí èbúté, àti ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ó so mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n béèrè kò ṣòro láti sọ: iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, àti àtúnṣe fún omi àti ilẹ̀ tí wọ́n ní iṣẹ́ epo ti bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú omi mímu, kí igi kú, kí ẹja sá. Fún ọjọ́ mẹ́ta wọ́n wà níbẹ̀, ìjíròrò sì ń lọ láàárín àwọn àgbà àti àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, hẹlikọ́pítà dé. Sójà àti ọlọ́pàá ni ó wà nínú wọn. Wọ́n yìnbọn. Ọmọ Ìlàjẹ méjì kú, ìbọn bá àwọn mìíràn tí wọ́n sì yè, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí àtìmọ́lé.

Ní oṣù May 1999, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ìbọn bà ni ẹjọ́ náà ń jẹ́: Bowoto àti Chevron. Àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà kò mọ ohun tí ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà ṣe, pé ọ̀tọ̀ ni baba, ọ̀tọ̀ ni ọmọ. Ní 2004, Adájọ́ Susan Illston yẹ ìwé wò, ó sì sọ pé ẹ̀rí wà tí ó tó láti fi béèrè bóyá ọmọ ń ṣe iṣẹ́ baba ní ọjọ́ náà. Ìpinnu yẹn nìkan, ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun ńlá ni. Ilé iṣẹ́ tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní láti dáhùn ní ìlú tirẹ̀ fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ.

Ní òpin oṣù October 2008, ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ọ, nítorí pé ní Amẹ́ríkà àwọn ará ìlú ni ó ń pinnu ẹni tí ó jàre nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ dúró níbẹ̀, wọ́n búra, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Àwọn agbẹjọ́rò Chevron ní kì í ṣe ìwọ́de lásán. Wọ́n ní wọ́n dí àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ lórí òkun, ẹ̀rù sì ba àwọn òṣìṣẹ́ náà, nítorí náà ilé iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti pe àwọn agbófinró. Ní ọjọ́ 1 oṣù December, àwọn ará ìlú náà fi ohùn kan sọ pé Chevron kò jẹ̀bi. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín: bí ìdájọ́ ṣe rí nìyẹn. Wọ́n lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn kò rí i gbà ní 2010. Òfin Amẹ́ríkà kan ti 1920 wà nípa ẹni tí ó bá kú lórí òkun jíjìn, òfin náà sì dín ohun tí àwọn ìdílé òkú lè béèrè kù. Ẹ ò rí nǹkan: òfin ń wọn bí òkú ṣe jìnnà sí èbúté tó. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ọ.

Kí ni ó kù? Ẹ jẹ́ kí á kà á. Ó kù pé Chevron kò lè sẹ́ pé hẹlikọ́pítà tí ilé iṣẹ́ náà háyà ni ó gbé àwọn sójà wá. Inú ìwé ni ó wà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìlàjẹ lábẹ́ ìbúra wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní orúkọ wọn, ohun tí àwọn ìwé ìròyìn nílé kò kọ tó ìdajì rẹ̀. Ìpinnu 2004 pẹ̀lú wà, tí agbẹjọ́rò mìíràn lè mú lọ síwájú adájọ́ mìíràn fún ìlú mìíràn. Nǹkan kan tún wà tí púpọ̀ nínú yín kò gbọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, Chevron ní kí àwọn Ìlàjẹ san owó tí ilé iṣẹ́ náà ná lórí ẹjọ́, nǹkan bíi $485,000. Ní 2009 Adájọ́ Illston kọ̀. Ó wo ilé iṣẹ́ tí ó ní gbogbo owó yẹn, ó wo àwọn apẹja, ó ní wọn kò ní san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá gbàgbé ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí arákùnrin wa ti wí, ta ni yóò rántí èyí? Kò sí ẹni tí yóò rántí àfi àwọn tí wọ́n borí, wọn yóò sì rántí apá tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti ilé wa, kí ẹ má baà rò pé inú ìwé nìkan ni a ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tí ó bí wa jẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, òun àti aládùúgbò rẹ̀ du ààlà oko ọ̀pẹ, wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan, bàbá wa sì jàre. Wọ́n ka ààlà náà jáde: láti orí igi ìrókò dé etí odò. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Wọ́n ní bí bàbá wa bá fẹ́ ẹ̀dà tí ó ní èdìdì, kí ó san ṣílè díẹ̀. Ó ní kí ni òun ń fi ìwé ṣe, ṣebí gbogbo ìlú gbọ́. Ó fi ṣílè náà ra ẹmu fún àwọn tí ó bá a lọ. Àwa náà mu nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tí ó ju 30 lọ, àwọn ọmọ aládùúgbò náà tún pe ẹjọ́. Ìrókò ti wó. Àwọn tí ó gbọ́ ìdájọ́ ti kú. A lọ sí ilé ẹjọ́ náà láti béèrè ìwé ńlá. Wọ́n ní òrùlé ti jò, ikán sì ti wọ inú àpótí. Bàbá wa dúró níwájú adájọ́ tí ó kéré sí i ní ọjọ́ orí, ó ní òun jàre rí. Adájọ́ béèrè ìwé. Kò sí. Ìdajì oko náà lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, a ṣí àpótí rẹ̀, a rí rìsíìtì owó ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́, tí ó ká sí kékeré. Owó tí ó san láti wọ ilé ẹjọ́ ni ó tọ́jú. Kò tọ́jú ohun tí ó gbà jáde.

Ẹ̀yin ará Etíkàn, ọ̀ràn tiyín le ju ti bàbá wa lọ. Ìrókò tiwa wó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ṣì wà. Òkun ń jẹ ilẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ẹ mọ iye ilé tí òkun ti gbà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdílé méjì bá du ibi ìdẹwọ̀n, tàbí tí ilé iṣẹ́ kan bá wá béèrè pé ta ni ó ni ibí, igi wo ni ẹ ó nà ọwọ́ sí fún adájọ́? Òpó ilé wo? Àwọn bàbá tí ó lè sọ pé abúlé báyìí wà níbí kí omi tó bò ó, a ka mẹ́fà nínú wọn tí ó jókòó síwájú wa yìí. Nígbà tí a wá kẹ́yìn, mẹ́jọ ni wọ́n.

Nítorí náà ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti ṣe ètò kan, kì í sì í ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ nìkan; ẹni tí ó ń dìbò fún ẹgbẹ́ mìíràn náà ní ìwé nílé. Ní Sátidé kejì sí èyí, olùkọ́ mẹ́ta yóò jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé ẹjọ́, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó orí, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọba, kí ó mú un wá. Wọn yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọn yóò sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Àwọn bàbá wa yóò sọ ààlà ibi ìdẹwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní èdè Ìlàjẹ, Ìlàjẹ náà ni a ó sì kọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i sí Gẹ̀ẹ́sì kí a tó kọ ọ́ bí ẹ ti sọ ọ́. Ẹlẹ́rìí méjì yóò fi ọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú wọn láti ìdílé tí ó bá yín pààlà, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ẹ dá kọ ọ́ ni. Ẹ̀dà kan yóò wà láàfin, ọ̀kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Ìgbókọ̀dá, a ó sì bẹ ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn kí wọ́n gba ẹ̀kẹta.

Arákùnrin wa tí ó béèrè ìbéèrè, a ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olùkọ́ mẹ́ta náà. A gbọ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Inki àti ìwé yóò ti Ìgbókọ̀dá wá. Ẹ̀yin tí ẹ ó ti abúlé tí ó jìnnà gbé ìwé wá nínú ọkọ̀, ẹ fi rọ́bà wé e dáadáa, kí ẹ má sì gbé e sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ń rọ́ sí.